Ilé Àgùdà wa ní Àjàṣẹ́: ìbéèrè tí ẹ ń bi wá lẹ́nu ọ̀nà, àti ìdáhùn wa

Kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í dúró níwájú ilé wa ní Àjàṣẹ́, ìlú tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, ní Benin. Èrò orí zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà tiwa, á ní kí wọ́n rọra, á yọ fóònù, á ya fọ́tò. Àwọn tó wá ṣe ìnáwó láti Èkó á wọlé, wọn á kí wa, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun, kí n lọ kọ ìdáhùn sílẹ̀ kí òun lè ráyè ta ògì òun. Òun náà nìyí. Èyí tó jẹ́ ti ìlú, mo kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìtàn. Èyí tó jẹ́ ti ilé wa, mo kọ ọ́ bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún mi àti bí mo ṣe fojú ara mi rí i.

Ta ni wọ́n ń pè ní Àgùdà?

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, tí wọ́n wá padà sí etí òkun wa. Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó kó wọn lọ. Ní 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà lóko ẹrú, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ogun sí àwọn tó ni wọ́n ní Bahia. Wọn ò borí. Wọ́n pa nínú wọn, wọ́n nà nínú wọn, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń já wọn sílẹ̀ ní Èkó, ní Ouidah, ní Agoué àti lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́, títí kọjá 1888 tí Bràsíl fòpin sí ẹrú níní.

Wọn ò dé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú orúkọ Potogí dé, wọ́n mú ẹ̀wà tí wọ́n ń fi ẹran oríṣiríṣi sè dé, wọ́n sì mú iṣẹ́ ọwọ́ dé: bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ. Ẹ ò ní pẹ́ rí i pé ìdílé Àgùdà kan náà ló máa ń ní Mùsùlùmí àti Kristẹni nínú. Tiwa rí bẹ́ẹ̀. Iléyá àti Kérésì, àwa la ni ín.

Báwo ni mo ṣe máa dá ilé Àgùdà mọ̀ láàrin àwọn ilé yòókù?

Ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ o, àwọ̀ ti ṣí tán lára púpọ̀ wọn. Ẹ wo ojú fèrèsé. Bíríkìlà Àgùdà kì í fi ojú fèrèsé sílẹ̀ lásán: á tẹ òkè rẹ̀ bí òṣùmàrè, á fi amọ̀ àti ẹfun mọ òdòdó tàbí ẹyẹ sí i. Pákó fèrèsé náà ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí òòrùn kò sì lè gbà. Ilẹ̀kùn àárín ni ẹnu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì lọ tààrà látibẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, òkè ni ibùsùn.

Tiwa ní ẹyẹ méjì lókè fèrèsé àárín. Ọ̀kan ò lórí mọ́. Mo mọ ọmọ tó fi kànnàkànnà gbé orí rẹ̀ já lọ. Ó ti di Alájì báyìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀.

Ṣé amọ̀ ni lóòótọ́? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀?

Amọ̀ pupa ni, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Wọ́n a po ó, wọ́n a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀ dáadáa, wọ́n a wá mọ ọ́n ní ipele. Ipele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, ìdí nìyẹn tí ilé kan fi lè gba ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹfun rẹ́ ẹ lára kí òjò má bàa fọ̀ ọ́. Ìrókò ni ilẹ̀kùn àti igi àjà, torí ìkán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ.

Ògiri ìsàlẹ̀ nípọn débi pé bí mo bá na apá láti ìgúnpá dé orí ìka, kò ká a. Ẹ wọlé lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kẹta, ẹ máa mọ ìwúlò rẹ̀. Àwọn ará ilé bíríkì tó wà níwájú wa, tí wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n ń wá sùn bí iná bá lọ.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́ ọ fún?

Òwò. Bàbá tó bí bàbá àgbà mi ló kọ́ ọ, epo pupa àti ekuro ló ń rà lọ́wọ́ àwọn ará oko, ó sì ń ta tábà àti aṣọ. Àjàṣẹ́ ìgbà náà gbóná. Ọ̀sà ló gbé owó wá: ọkọ̀ ojú omi ń ti ibí lọ sí Àgbádárìgì, ó ń lọ sí Èkó láìfojú kan òkun. Ọba Tọ́fà, tó jẹ láti 1874 sí 1908, fọwọ́ so wọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn Faransé, àwọn Àgùdà sì wà lára àwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn.

Ẹ wo ilẹ̀ yàrá iwájú lápá ọ̀tún. Àbàwọ́n dúdú róbótó róbótó mẹ́rin wà níbẹ̀, ó tóbi ju àwo ìjẹun lọ. Ìdí agbá epo nìyẹn. Ìyá mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó da yẹ̀pẹ̀ lé e. Bí òòrùn bá mú gan-an, ó ṣì máa ń dán.

Kí ló wá dé tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mọ́? Ìgbà wo ló yí padà?

Ìbéèrè yìí ló gùn jù, ẹ jókòó.

Kútọnu ló fà á. Lọ́wọ́ ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Faransé kọ́ afárá onírin wọ inú òkun níbẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá lè máa já ẹrù. Rélùwéè tẹ̀ lé e, ó gba Àjàṣẹ́ lọ sí Pobè, ẹrù tó ti ń sùn lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú wa. Nígbà tí wọ́n fi ṣí èbúté ńlá Kútọnu ní 1965, ó ti tán. Àjàṣẹ́ ni olú ìlú nínú ìwé, Kútọnu ni owó ń gbé. Agbá wa gbẹ.

Bàbá àgbà mi kò fẹ́ kí ilé ṣófo. Ó fún ààfáà kan ní ìta gbangba iwájú láti fi ṣe ilé kéú. Ọmọ bí ogójì ló máa ń jókòó sórí ẹní, wàláà lọ́wọ́, wọ́n á máa kà á lákàtúnkà. Bí ẹ bá dúró lápá òsì lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ sì rẹ̀ ara yín sílẹ̀ bí ọmọ ọdún méje, ẹ máa rí ojú ibì kan lára ògiri tó ń dán bí awọ. Orí àwọn ọmọ ló ń kan ibẹ̀, bí oorun bá ń gbé wọn. Ibi tí wọ́n ti ń fọ tàdáà kúrò lára wàláà wà lẹ́yìnkùlé, òkúta ibẹ̀ dúdú. Bàbá mi kọ́ kéú níbẹ̀, ó sì jẹ ẹgba níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù inú wá di ti aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, ọmọṣẹ́ mẹ́fà. Ìṣó tí wọ́n fi ń gbé aṣọ kọ́ ṣì wà lára ògiri, mélòó kan nínú wọn ti wọ inú amọ̀ lọ.

Nígbà tí ọ̀gágun Kérékou gba ìjọba ní 1972, tí orúkọ Dahomey yí padà sí Benin ní 1975, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní àwọn nílò ibi ìpàdé. Ta ni yóò sọ pé rárá? Aránṣọ kó lọ, bẹ́ńṣì wọlé. Wọ́n ń kọ́ àwọn ìyálọ́jà ní ìwé kíkà níbẹ̀ lálẹ́, èyí dára. Wọ́n sì ń jókòó síbẹ̀ wádìí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìjọba láìdáa, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri inú: EHUZU. Èdè Fọ̀n ni, ó túmọ̀ sí pé ó ti yí padà. Orúkọ yẹn ni wọ́n sọ ìwé ìròyìn ìjọba nígbà náà. A ti kun ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń yọ jáde padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí orúkọ tó bá ilé yìí mu jù ú lọ, ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn àpérò gbogbogbòò ti 1990, tó fòpin sí ètò ìjọba yẹn, ìpàdé tú ká, bẹ́ńṣì dúró. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ra tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ fídíò, àwọn eré Yorùbá láti Èkó ló ń fi hàn. Owó kékeré lẹ ó san, ẹ ó bá bẹ́ńṣì yẹn kan náà jókòó. Tọkùnrin tobìnrin, Gun àti Ànàgó, gbogbo wọn ló ń sunkún nígbà tí ìyá ọkọ bá ń fìyà jẹ ìyàwó. Èmi ni mo ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, mo sì máa ń jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́ sà.

Oṣù Kìíní 1994 ni owó sẹ́fà tí à ń ná já wálẹ̀ ní ìdajì. Páànù tí à ń rà tẹ́lẹ̀ di ọ̀wọ́n gógó, òrùlé wa sì ti ń jò. Ọ̀nà kan ló kù: àwọn bàbá mi fi pákó pín òkè sí yàrá mẹ́fà, wọ́n fi ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ńbà 1 sí 6 ṣì wà lórí àwọn ilẹ̀kùn náà. Pákó yẹn bo ọ̀kan nínú àwọn òdòdó àjà, kò sí ẹni tó rí i fún ogún ọdún. Ṣùgbọ́n owó yàrá mẹ́fà yẹn ló ra páànù tó wà lórí ilé dòní.

A gbọ́ pé wọ́n ta kpayo nínú ilé náà. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, inú wa ò sì dùn sí i. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ kpayo, epo bẹntiróò tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà nínú kẹ́ẹ̀gì ni. Ẹnì kan gba yàrá iwájú, ó ní òun fẹ́ kó ọjà sí i. Kò sọ irú ọjà. Láàrin oṣù kan, òórùn ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, kẹ́ẹ̀gì ti tò dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn pákó, ilẹ̀ tí epo pupa ti mu tẹ́lẹ̀ tún ń mu bẹntiróò. Ìyá àgbà ń dáná lẹ́yìnkùlé! A bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti san ọdún kan. Nínú ẹbí náà, àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀, torí owó rẹ̀ ju ti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lọ.

Oṣù Kẹsàn-án 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, ẹni tó kú lé ní ọgbọ̀n. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn tó ń sọ pé ká fi í sílẹ̀ ni wọ́n bá a ru kẹ́ẹ̀gì jáde. A dá owó rẹ̀ padà.

Ṣé ilé yín nìkan ló ń yí iṣẹ́ padà báyìí ní Àjàṣẹ́?

Ká má purọ́, gbogbo ìlú ni. Ààfin Honmè, tí àwọn ọba ìlú yìí gbé, tí Tọ́fà náà gbé, musée ni báyìí, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí fún wíwò. Ẹ san owó, ẹ wọlé wo yàrá àwọn olorì. Ilé gómìnà Faransé di ibi tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ tuntun fún wọn ní 2009, wọ́n pa á tì láàbọ̀, ó di igbó. Èyí tí wọ́n tún wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Francis Kéré ọmọ Burkina Faso ló yàwòrán rẹ̀, bí igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ó ṣe yà á. Igbó Migan, tó jẹ́ igbó awo, àwọn Faransé sọ ọ́ di ọgbà tí wọ́n ti ń dán irúgbìn wò. Lónìí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń wá wo igi, tí àwọn olólùfẹ́ sì ti ń sá fún òòrùn. Ilé ìwé tó ń kọ́ àwọn olùtọ́jú ohun àjogúnbá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà, EPA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1998, inú ilé àtijọ́ ayé Faransé lòun náà wà. Musée da Silva, ilé Àgùdà ni.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn ìyẹn ní ìjọba tàbí olówó lẹ́yìn. Ilé bíi tiwa, tó wà káàkiri àdúgbò, èyí tó bá rí iṣẹ́ ṣe ló ń rí páànù.

Mọ́sáláṣí ńlá yẹn ńkọ́? Kí ló dé tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì?

Torí pé ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn tó mọ ọ́n mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn Àgùdà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1912. Ilé ìsìn tó lẹ́wà jù tí ọwọ́ ìdílé wọn ti ṣiṣẹ́ lé rí, ti Bahia ni, ilé-ìṣọ́ méjì níwájú, òdòdó lára ògiri. Wọ́n gbé e kalẹ̀ fún Ọlọ́run bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Mọ́sáláṣí tuntun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ lọ wò ó ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òòrùn á kọjú sí i.

Kí ló dé tí ẹ ò wó ilé yín, kí ẹ kọ́ èyí tó bágbà mu?

Àwọn kan nínú wa fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan yà àwòrán wá láti Kútọnu: alájà mẹ́ta, gíláàsì níwájú, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ asínwín, ilẹ̀ àárín ìlú niye lórí, ilé amọ̀ sì ń jẹ owó bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń jẹ wàrà.

Ohun tó dá a dúró kì í ṣe ìfẹ́ àṣà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ ka orúkọ gbogbo ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i. A kà á dé mẹ́tàdínláàádọ́ta, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Abidjan àti Libreville. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ta wá ni onílé gan-an?

Òkú ni. Àwa ń bá a ṣọ́ ọ.

Ní tòótọ́ ṣá, ilé ẹbí ni, ẹnì kan ò lè dá tà á. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti 2013, ìwé ni ìjọba ń béèrè, kì í ṣe ìtàn. Nítorí náà a pe ẹni tó ń wọn ilẹ̀, a kọ orúkọ ẹ̀ka mẹ́rin tí ìdílé pín sí, a sì yan ẹnì kan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ìpàdé mẹ́sàn-án ló gbà, méjì nínú rẹ̀ tú ká pẹ̀lú ariwo.

Ṣé sàréè wà nínú ilé?

Mẹ́ta. Ẹni tó kọ́ ilé wà nínú yàrá ẹ̀yìn lápá òsì, ìyàwó rẹ̀ méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí à ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, yàrá yẹn nìkan la ò fi sílẹ̀ fún ayálégbé. Ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò ibẹ̀.

Mo rí i pé wọ́n ṣẹ́ sìmẹ́ńtì kúrò lára ìsàlẹ̀ ògiri iwájú. Sìmẹ́ńtì ò dára ni?

Ó dára fún ilé sìmẹ́ńtì. Àṣìṣe wa nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ.

Ìsàlẹ̀ ògiri ti ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, a dá owó jọ, a pe bíríkìlà kan. Ọmọlúàbí ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ilé bíríkì ló mọ̀. Ó rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i láti ilẹ̀ dé àyà ènìyàn, ó dán mọ́rán. Gbogbo àdúgbò kí wa. Òjò oṣù Kẹrin sí Keje kan kọjá, òjò ìgbà ìkórè kọjá. Ní ọdún kejì, mo fi ìka kan ògiri náà, ó dún kó, kó, bí igbá tó ṣófo. Lọ́jọ́ kan tí ìyá àgbà ń gbá ilẹ̀, odidi rẹ̀ kan, tó gùn tó ilẹ̀kùn, ya lulẹ̀. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Omi ilẹ̀ máa ń gòkè wá sínú ògiri amọ̀, ojoojúmọ́ ni. Bí ara ògiri bá jẹ́ amọ̀ àti ẹfun, omi náà á gba ara jáde, òòrùn á gbà á. Sìmẹ́ńtì dí ihò ara rẹ̀. Omi kò rí ọ̀nà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sí i, ó ń sọ amọ̀ di ẹrẹ̀ nínú òkùnkùn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Ẹni tó bá wo ilé náà níta á ní ó ti dára.

A ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò. A fi ògiri sílẹ̀ ní ìhòòhò títí ọyẹ́ fi fẹ́ ẹ gbẹ. Àgbà bíríkìlà kan láti ìhà Sakété ló wá fi amọ̀ tuntun, tó po yanrìn mọ́, dí ojú ibẹ̀, ó sì fi ẹfun kùn ún. Ó na owó ju ti sìmẹ́ńtì lọ, kò dán tó o. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìka kàn án báyìí, kò dún.

Mo ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Òrùlé. Ẹ má kun nǹkan kan, ẹ má rẹ́ nǹkan kan kí òrùlé tó dá omi dúró. Ilé amọ̀ lè fara da ọgọ́rùn-ún ọdún bí orí rẹ̀ bá gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá ọ̀nà kí omi òjò má ṣe dúró sí ìdí ògiri. Gọ́tà kékeré kan tó. Ẹ tu igi tó ń hù láti inú ògiri nígbà tó ṣì kéré, pàápàá ọ̀dán, torí gbòǹgbò rẹ̀ ló ń la ògiri sí méjì.

Kí ẹ sì ní kí ẹnì kan máa sùn níbẹ̀. Àdúgbò wa ní ilé kan tó lẹ́wà ju tiwa lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọn tó ni ín ń ṣẹjọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, kálukú kó lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ nígbà tí páànù kan ṣí. Ojú ibi tí ògiri rẹ̀ wà, wọ́n ń ta tòmátì níbẹ̀ báyìí.

Ọmọ Kétu ni mí, a ò ní ilé Àgùdà. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ẹ̀yin tí ẹ ní Àkàbà Ìdènà! Ẹnu odi tí wọ́n kọ́ kí ọ̀tá má bàa wọlé, tí àwọn aṣọ́bodè ń ṣọ́. Ní 1886, ayé ọba Glèlè, àwọn ọmọ ogun ìjọba Dahomey àtijọ́ pa Kétu run, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìlú tún dìde lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey, kò sí ogun tí ẹnu odi náà fẹ́ dènà mọ́. Lónìí, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́ láti fi lé àlejò sẹ́yìn, àlejò la ń mú lọ wò ó. Bí èyí ò bá jọ ọ̀rọ̀ wa, n ò mọ ohun tó jọ ọ́.

Kí ló ń lọ níbẹ̀ báyìí?

Oríṣiríṣi. A ti tú pákó òkè, yàrá mẹ́fà di gbọ̀ngàn kan padà, òdòdó àjà sì tún rí òòrùn. Ìsọmọlórúkọ àti ìnáwó kékeré ń wáyé níbẹ̀. DJ ò gbọ́dọ̀ gbé àpótí ńlá wá, torí ẹyẹ tó kù ṣì fẹ́ràn orí rẹ̀. Ní Ọjọ́rú àti Sátidé, ìta gbangba iwájú di ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń jókòó tì wọ́n. Orí wọn ń kan ojú ibi kan náà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ń ta ògì nínú yàrá agbá. Àwọn ará Bràsíl ń wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá láti 2024 tí Benin ti ṣe òfin pé àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ lè gba ìwé ọmọ ìlú. Obìnrin kan nínú wọn jókòó sórí àtẹ̀gùn fún nǹkan bíi wákàtí kan láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó béèrè ohun tí wọ́n ń pe ògì. A bu fún un, ó ní wọ́n ń jẹ ẹ́ nílé àwọn náà.

Ṣé mo lè wọlé wò ó? Èló ni?

Kò sí owó ìwọlé. Àpótí kan wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, owó páànù ni. Ẹ wá láàrọ̀ kí ọjà ògì tó gbóná, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ọ̀sán Jímọ̀ kò sí ẹni nílé. Ẹ kan ilẹ̀kùn kíkan, ìyá àgbà ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Bí òjò bá ti rọ̀, apá òsì ilẹ̀kùn máa ń wú, kì í ṣí. Ẹ má fi ejìká gbá a, ẹ gba apá ọ̀tún.